Bí Oyin Ṣe Kúrò Lóko Elégédé Wa

Ẹ jókòó dáadáa, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún yín, torí mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi. Láti ibi tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni wọ́n ti ń wò yín. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì létí ọ̀nà yẹn kò lè rí àlejò mi kó má bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ti sọ fún yín pé ìyá àgbà yín máa ń lọ sóko ní kùtùkùtù, pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín elégédé, pé ó ń fi òdòdó kan òdòdó, tí ètè rẹ̀ sì ń mì. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ètè mi ń mì torí pé mo máa ń kọrin. Ohun tí wọn ò sọ fún yín ni ìdí tí mo fi ń ṣe é.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òde Rẹ́mọ, kò sẹ́ni tó ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀. Tí ẹ bá ń lọ sóko ìyá mi láàárọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí ewé, ẹ ó ti gbọ́ oko náà kí ẹ tó rí i. Ó ń kùn ni, bí ìgbà tí èrò púpọ̀ bá ń gbàdúrà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Oyin ni. Wọ́n á wọ inú òdòdó elégédé tó pupa rúsúrúsú, wọ́n á sì tún jáde pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú lára, bí ẹni tó ń ti ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́ bọ̀. Àwọn kan dúdú, wọ́n tóbi, àwọn yẹn ló máa ń lu ihò sára igi àjà wa. Àwọn kan kéré bí èèrà, wọn kì í ta èèyàn rárá. Labalábá náà wà níbẹ̀. A ò ka ohun tí wọ́n ń ṣe sí iṣẹ́ kankan. A rò pé wọ́n kàn ń wá oúnjẹ tiwọn ni.

Àwa ọmọdé máa ń fi wọ́n ṣeré. Tí oyin bá wọ inú òdòdó, a ó pa ẹnu òdòdó náà dé, a ó já a, a ó wá gbé e sétí kí a lè gbọ́ bó ṣe ń pariwo nínú. Lọ́jọ́ kan mo ní tèmi máa kọrin sí mi lẹ́nu, ni mo bá gbé e sí ètè. Oyin náà ta mí. Ìyá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kó tó wá fi àlùbọ́sà pa á fún mi. Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n sè lọ́jọ́ náà, ẹnu mi wú débi pé mi ò lè jẹ ẹ́, àbúrò mi ọkùnrin ló jẹ tèmi mọ́ tiẹ̀. Títí di òní mi ò gbà pé kì í ṣe òun ló kọ́ mi ní eré yẹn.

Nígbà tí mo ṣe ìyàwó wá sí Irolu níbí, oko tí bàbá àgbà yín fi lé mi lọ́wọ́ ni èyí tó wà létí odò yẹn. Igi obì àti kòkó ló yí i ká nígbà náà. Oyin ń gbé nínú ihò àwọn igi àtijọ́, kò sì sí ẹni tó ń dí wọn lọ́wọ́ àfi ọkọ mi. Òun á dá iná sí ògùṣọ̀, á gun igi, á fi èéfín lé wọn sẹ́yìn, á máa gé afárá sílẹ̀ fún mi nínú igbá. Kì í kó gbogbo rẹ̀. Ó ní kí wọ́n rí nǹkan jẹ. Tí àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ bá fẹ́ sọmọ lórúkọ, wọ́n máa ń wá bèèrè oyin lọ́wọ́ rẹ̀, torí wọ́n ti mọ̀ pé a ò fi omi ṣúgà lú tiwa.

Ẹ̀gúsí ìgbà náà ńkọ́? A ó fọ́ ọ, a ó jẹ́ kó rà, a ó lọ fọ̀ ọ́ lódò, a ó sá a sóòrùn. Lẹ́yìn náà àwa obìnrin á jókòó yí ká lábẹ́ igi, a ó máa bó o, ẹ ó máa gbọ́ ọ pà, pà, pà, bí òjò tó ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Tí ẹ bá bu ìkúnwọ́ kan, ẹ ó mọ̀ pé ẹ mú nǹkan dání. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ra èyí tó wà lọ́jà báyìí kí ẹ bó o. Òmíràn á pẹlẹbẹ, kò ní sí nǹkan nínú rẹ̀. Èmi máa ń rò pé àwọn tó ń tà á ló ń da èèpo mọ́ ọn. Mo ti bá ju ẹnìkan lọ jà lórí rẹ̀.

Tí Iléyá bá dé, èmi ni mo máa ń ru elégédé lọ sí Ṣàgámù, sílé àbúrò ìyá mi ọkùnrin tó ń ta obì. Obì ló kún ilé náà láti ẹnu ọ̀nà, nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tẹ́. Àwọn obìnrin á máa yí i, wọ́n á máa ṣà á, wọ́n á máa wá èyí tí kòkòrò ti wọ̀. Bàbá náà á gba elégédé lọ́wọ́ mi, á fi ìka kàn án kó kó, á tẹ́tí sí i, á wá kí mi kú iṣẹ́. Elégédé ìgbà náà rí roboto láti ìdí dé orí. Kò ní ẹ̀gbẹ́ tó sunkì.

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Wọ́n ń gé igi obì lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń ta ilẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé, àwọn mìíràn ní àwọn fẹ́ fi yàrá háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rílé gbé ní Ìlíṣàn. Ariwo ayùn ni a wá ń gbọ́ láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan ayùn náà dákẹ́, mo dúró láàárín oko mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Òdòdó ti là káàkiri, wọ́n là gbayawu, kò sí nǹkan kan nínú wọn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá wọ ilé tó mọ̀ pé èrò wà níbẹ̀, tí gbogbo wọn sì dákẹ́ nítorí rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni elégédé mi ti ń jábọ́. Ẹ ó rí ọmọ rẹ̀ kékeré lẹ́yìn òdòdó, bí ìlẹ̀kẹ̀. Á pọ́n, á rọ̀, á jábọ́. Èyí tó bá dúró á wọ́, ẹ̀gbẹ́ kan á wú, ẹ̀gbẹ́ kejì á sunkì. Tí mo bá là á, ẹ̀gbẹ́ tó sunkì yẹn ni kì í ní kóró. Mo kọ́kọ́ ní olè ni. Lẹ́yìn náà mo ní ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Lẹ́yìn náà mo ní ẹni tó ta ajílẹ̀ fún mi ti pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí mo fura sí gbogbo wọn tán ni mo wá kọjú sí Múfú.

Múfú ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Awakọ̀ ni tẹ́lẹ̀, ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni ó ti ń gbé èrò. Nígbà tí ọkọ̀ bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó wá bẹ Bàbá Káyọ̀, àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ olórí ẹbí wa báyìí, pé kó fún òun nílẹ̀ kí òun fi gbin kùkúńbà. Ó lápá iṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń yọ, ó ti gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, ó ti ń fín oògùn kòkòrò, ìgbà tí òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ là gan-an nìyẹn. Òórùn rẹ̀ á wọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, á há mi lọ́fun. Tó bá kí mi, mo máa ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń wò. Mo ní ọmọ yìí fẹ́ ba oko mi jẹ́ kí n lè fi í sílẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Bísọ́lá wá kí mi. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ni, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló kà, òun náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Ìlíṣàn. Ó bá mi dé oko, ó lóṣòó sídìí elégédé, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, “Màmá, oyin dà?”

Mo ní kì í ṣe èmi ni mò ń tọ́jú wọn. Ó wá já òdòdó méjì, ó fi hàn mí. Ó ní èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni akọ, òun ló ní lẹ́búlẹ́bú nínú. Èyí tó gbé ọmọ kékeré sẹ́yìn ni abo. Ó ní lẹ́búlẹ́bú akọ gbọ́dọ̀ dé inú abo kí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó lè dúró, oyin ló sì máa ń gbé e lọ láìmọ̀, níbi tó ti ń wá oúnjẹ kiri. Tí kò bá dé ibẹ̀, ọmọ á jábọ́. Tó bá kéré jù, á wọ́. Ó ní bákan náà ni ti kùkúńbà àti ẹ̀gúsí.

Mò ń wò ó lójú bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo ti dàgbà tó láti mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ tuntun wá sóko èèyàn, ó máa ń ní ìgò kan nínú báàgì tó fẹ́ tà. Mo dúró kí ó mú ìgò náà jáde. Kò mú nǹkan kan jáde. Ó ní tí oyin kò bá wá, ọwọ́ mi lè ṣe é, kí n fi akọ pa inú abo láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ó jẹ ẹ̀bà tí mo tẹ̀ fún un, ó sì lọ.

Mi ò gbìyànjú rẹ̀ lóko lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ̀yìn ilé ìdáná mi níbí, níbi tí elégédé kan ti gun ọgbà, níbẹ̀ ni mo ti ṣe é, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi kó máa fi mí rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo fi ọwọ́ kàn dúró. Ó wú, ó rí roboto. Mo wá gbé iṣẹ́ náà lọ sóko.

Àṣìṣe mi ni pé mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Múfú rí mi láàárọ̀, tí mo bẹ̀rẹ̀, tí mò ń kọrin, tí mò ń já òdòdó kan tí mo sì ń kì í bọ inú òmíràn. Lásìkò náà gan-an ni elégédé tèmi ń dúró, tí kùkúńbà tiẹ̀ sì ń wọ́ bí ìwọ̀. Ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Ó lọ sọ ohun tó rí. Láìpẹ́, tí mo bá dé ìdí kànga, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu àwọn obìnrin. Àwọn tó máa ń rán ọmọ wá bá mi gbálẹ̀ kò rán wọn mọ́. Obìnrin oníbúrẹ́dì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rá di búrẹ́dì fún mi láìjẹ́ kí ọwọ́ wa kanra.

Bàbá Káyọ̀ ránṣẹ́ pè mí. Mo bá Múfú níbẹ̀ àti àwọn àgbà ẹbí. Wọ́n kí mi, wọ́n fún mi ní àga, àga náà jìnnà sí tiwọn. Bàbá Káyọ̀ yí ọ̀rọ̀ ká títí, ó ní òun mọ̀ mí láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun ti gbé mi wọlé, pé ohun tí òun ń fẹ́ ni àlàáfíà, pé bóyá kí n fi oko sílẹ̀ ná kí n sinmi, kí ẹbí máa bá mi tọ́jú ilẹ̀ náà. Nígbà tó dárúkọ ilẹ̀ ni ojú mi là. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ra ilẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo yíjú sí Múfú. Mo ní, “Kí lo rí mi pé mo ṣe?”

Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. Ẹ̀ ń fi òdòdó ṣe nǹkan. Tiyín ń so, tèmi ń jábọ́.”

Mo sọ ohun tí Bísọ́lá kọ́ mi fún wọn. Wọ́n wo ara wọn. Àgbà kan ń wúkọ́ irọ́. Mo rí i pé tí mo bá mú wọn lọ sóko mi láti fi hàn wọ́n, wọ́n á ní mo ti ṣe nǹkan sí ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo wá sọ fún Múfú pé kó má fi ẹsẹ̀ kan oko mi. Mo ní kó lọ sínú kùkúńbà tiẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ já akọ, kí òun fúnra rẹ̀ fi kan abo, kó so òwú mọ́ èyí tó bá fọwọ́ kàn, kó sì fi ìyókù sílẹ̀. Mo ní kó má fín oògùn lé wọn lórí. Mo ní èmi kò ní gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá títí tí yóò fi rí ohun tó bá rí.

Bàbá Káyọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Múfú ti ní òun máa ṣe é.

Àwọn ọjọ́ tí mo fi jókòó sílé yẹn gùn lójú mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò mọ̀ bóyá Múfú á ṣe é bó ti yẹ. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnìkan á lọ já èyí tó so òwú mọ́ dànù kí ilẹ̀ náà lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Mò ń ronú nípa ọkọ mi, pé tó bá wà láyé, ta ni ìbá pè mí sórí àga tó jìnnà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Múfú wọlé tọ̀ mí wá, ó gbé kùkúńbà sínú abọ́. Wọ́n gùn gbọọrọ, wọ́n tọ́. Òwú dúdú ṣì wà ní ìdí wọn. Ó kúnlẹ̀ níbi tí ẹ jókòó sí yẹn gan-an. Mi ò fọwọ́ kan abọ́ náà. Ó wo ojú mi, ó mọ ohun tí mò ń rò. Ó mú ọ̀kan, ó fọ̀ ọ́, ó gé e sí méjì, ó jẹ apá tiẹ̀ kó tó na apá kejì sí mi.

Ó ní, “Màmá, gbogbo èyí tí mi ò so òwú mọ́ ló jábọ́. Èmi ni mo pa oyin náà. Mo rò pé kòkòrò lásán ni.”

Mo gbà á, mo jẹ ẹ́. Ó dùn, ó lómi. Mo bú u díẹ̀, mo sì bu omi fún un. Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ ló ń fín oògùn tirẹ̀, nígbà tí òdòdó ti padé, ibi tí kòkòrò kò bá sì sí, kì í fín in rárá. Ó tún tọ àwọn obìnrin ìdí kànga lọ, ó sọ fún wọn pé òun ló ṣìnà. Àwọn kan gbà. Àwọn kan ní mo ti rí ọmọ náà mú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oyin kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Wọn ò pọ̀, wọ́n kàn ń wá ní ẹyọ ẹyọ. Bísọ́lá ní ibì kan wà tí wọ́n ti ń bọ̀. Èmi àti Múfú tẹ̀ lé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ, a kọjá odò, a sì bá wọn nínú ihò ìrókò kan tó dá dúró ní ẹ̀yìn ilẹ̀ ẹbí. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Bàbá Káyọ̀ kó àwọn agégi wá síbẹ̀. Múfú ló sáré wá pè mí. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti tan ayùn, Múfú sì ti jókòó sídìí igi náà, ó fẹ̀yìn tì í, ó na ẹsẹ̀. Ó ní Màmá kò tíì sọ pé kí wọ́n gé e.

Mo sọ fún Bàbá Káyọ̀ lójú àwọn agégi pé ilẹ̀ ẹbí ni, pé àwọn ọmọ ọkọ mi ní ìpín níbẹ̀, pé wọn ò tíì bi ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn agégi kò fẹ́ wàhálà. Wọ́n pa ayùn wọn, wọ́n lọ. Bàbá Káyọ̀ wá bá mi sílé ní ọjọ́ kejì, ó mú iṣu wá, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti tán, pé òun ti fi igi náà sílẹ̀ fún oyin.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo se iṣu náà, ṣùgbọ́n mi ò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí ojú àdá tuntun lára igi yẹn, tí ẹnìkan fi sàmì sí i. Mo bi gbogbo ẹbí, kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Múfú náà ti rí i. Tí mo bá ti ṣiṣẹ́ oko tán láàárọ̀, mo máa ń rìn dé ìdí igi náà, mo máa ń fi ọwọ́ kàn án, mo máa ń wò ó yí ká. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wá.

Lọ́la, n ó mú yín débẹ̀, kí ẹ fi ojú ara yín rí i bó ṣe dúró sán-ún, tí gbòǹgbò rẹ̀ mú ilẹ̀. Ẹ yà á sínú fóònù yín. Nígbà tí mi ò bá sí mọ́, ẹnìkan á pè yín láti Irolu níbí, á fi ohùn pẹ̀lẹ́ kí yín kú ara fẹ́ra kù, á wá sọ fún yín pé ìjì jà, pé igi náà dá wó. Ẹ má gbà á gbọ́.